Ọmọ ejò indigo mi ń bì, ó sì ń gbọn ìrù sí mi: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti ń sin ejò tipẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ ejò indigo kan ni, indigo ìlà-oòrùn (ejò dúdú ńlá kan tí kò lóró, ti Amẹ́ríkà), kò tíì pé oṣù mẹ́rin, gígùn ẹ̀ ò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Láti ìgbà tó ti dé, tí mo bá ti ṣí àpótí ẹ̀ díẹ̀ báyìí, á fẹ ọrùn, á máa mí hùù-hùù sí mi, á máa gbọn ìrù, tí mo bá wá gbìyànjú láti gbé e, á yàgbẹ́ sí mi lọ́wọ́, òórùn yẹn kì í sì í tètè lọ. Ó jẹ eku kan, ó bì í lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn kò jẹ nǹkan kan mọ́. Ẹnìkan ní òtútù ló ń mú un, kí n fi gílóòbù tó lágbára sí i, mo ti fi sí i, ibi tó gbóná níbẹ̀ ti wà ní 34 Celsius báyìí. Ẹlòmíì ní kí n máa gbé e lójoojúmọ́ kó lè mọ̀ mí. Ẹnìkan tún wá ní tí kò bá jẹun títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n fipá ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Orí mi ti dàrú. Èwo ni ká gbà nínú ẹ̀? Ẹnìkan tiẹ̀ tún ń dẹ́rù bà mí pé ìjọba lè mú mi nítorí ejò yìí.

* * *

ÈSÌ

Àbúrò, kọ́kọ́ lọ pa gílóòbù yẹn ná, kó o tó ka ìyókù. 34 ti pọ̀ jù fún ọmọ indigo, pàápàá nínú àpótí kékeré tí kò ti ríbi sá sí. Ibi tó bá gbóná jù lọ nínú ilé ẹ̀, kó má ju 28 sí 29 lọ, kí apá kejì wà ní nǹkan bí 21 sí 23, tó bá sì di alẹ́ tí gbogbo ẹ̀ wálẹ̀ dé 20, kò sí nǹkan tó máa ṣe é.

Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn gílóòbù yẹn ti wá. Àwọn tó ń sọ ọ́ ti sin ball python tàbí boa, àwọn ejò míì tó fẹ́ràn ooru, rí, wọ́n wá mú òfin ibẹ̀ wá síbí. Indigo ò rí bẹ́ẹ̀. Ní gúúsù Georgia àti àríwá Florida ní Amẹ́ríkà, ìgbà òtútù gan-an, láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ni àwọn àgbà ẹ̀ máa ń wá ara wọn kiri láti gun ara wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ejò yòókù ti wọlẹ̀ lọ. Inú ihò tí ìjàpá gopher gbẹ́ sínú iyanrìn ni wọ́n ń sùn, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á jáde wá yáàrùn lẹ́nu ihò, tó bá ti tó wọn wọ́n á lọ. Tó bá di ìgbà ooru, wọ́n á ya lọ sí ẹ̀bá omi àti irà. Ejò tó lè yan ibi tó wù ú báyẹn, tá a wá gbé sínú ike tí gbogbo inú ẹ̀ gbóná, kò sí ọgbọ́n kankan tó lè dá ju kó máa rìn kiri, kó máa fi imú gbá ara ògiri, omi ara ẹ̀ á sì máa gbẹ. Oúnjẹ tó bá wà níkùn ẹ̀ nígbà yẹn, ó máa bì í ni.

Nítorí náà, èmi ò gbà pé òtútù ló fa èébì yẹn. Ooru ni mo kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fura sí bí eku yẹn ṣe tóbi tó, lẹ́yìn ẹ̀ ni gbígbé tó o ń gbé e. Ra thermostat, ẹ̀rọ tó ń dín iná kù fúnra ẹ̀ tí ooru bá ti tó, má sin ejò yìí láìsí i. Kó o sì fi tẹmómítà tó ní wáyà wọn orí ilẹ̀ níbi tí ejò ń sùn sí gan-an, kì í ṣe ara ògiri lókè. Àwọn roboto tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì yẹn, irọ́ ni wọ́n sábà máa ń pa.

* * *

"Ball python tèmi ń gbé nínú 33 láti ọdún yìí, ara ẹ̀ le koko. Ẹ̀ ń bẹ̀rù jù."

Ball python ni. Ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni ball python ti wá, ooru ibẹ̀ ló bí i. Indigo tá à ń sọ yìí, Amẹ́ríkà ni, ní igbó igi páìnì tó ń mọ́lẹ̀ dáadáa, tó sì ń tutù lóru. Ará ilé ara wọn kọ́ rárá.

* * *

ÈSÌ (lórí èébì àti kíki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu)

Tí ejò bá bì, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló jáde, omi inú ikùn tó fi ń da oúnjẹ ti bá a lọ, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ náà á sì ti bó. Tó o bá tún fún un ní nǹkan lọ́jọ́ kejì, ó máa bì í lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló sì burú, torí ọmọ ejò tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ò ní ọ̀rá tó pọ̀ lára tó lè máa fi gbé ara ẹ̀ ró. Fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Má fún un ní nǹkan kan àfi omi tó mọ́. Mo mọ̀ pé ó le láti wo ejò kékeré tí kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkàn èèyàn ò ní balẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń sáré fún un lóúnjẹ ni mo sábà máa ń rí tí tiwọn ń kú.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, oúnjẹ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré, ìdajì èyí tó máa ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ọmọ eku tí kò tíì hu irun, ẹyọ kan, kó tán síbẹ̀. Tó bá ti dúró níkùn tó sì ti yàgbẹ́ ẹ̀, ìgbà yẹn lo tó lè fún un ní òmíì. Máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ní kó o fipá ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mi ò mọ ohun tó rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò ní gbà fún un. Indigo kì í ṣe ejò tó ń dákẹ́ kó o ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Á lọ́, á yí, á já, ẹran ẹnu ẹ̀ á ya, á wá so ẹ̀mú àti òórùn eku pọ̀ mọ́ ìyà. Ejò tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó lè pẹ́ gan-an kó tó tún gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn. Tó bá ti rù débi pé egungun ẹ̀yìn ẹ̀ yọ ṣóńṣó, tí ojú ẹ̀ ti jìn wọlé, tí awọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti hunjọ, ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ejò nìyẹn, òun ló máa mọ bóyá kí wọ́n fi rọ́bà gbé omi àti oúnjẹ olómi wọlé. Kì í ṣe nǹkan tí a ń kọ́ láti orí fídíò.

Gba síkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù, máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó o máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú lásán máa ń tanni jẹ, síkéèlì ò ní tàn ẹ́.

* * *

ÈSÌ (lórí gbígbé e)

Ibí yìí ni ẹnu ò ti kò. Àwọn kan ní tó ò bá máa gbé e láti kékeré, tó bá di àgbà, tó di ejò tó gùn tó mítà méjì ó lé, kò ní ṣeé gbé mọ́. Àwọn kan ní kó o má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án fún ọdún kan. Èmi ò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì.

Kọ́kọ́ wò ó láti ojú tiẹ̀. Nínú igbó, ọmọ indigo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ní bí oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, oúnjẹ ló jẹ́ fún ohun gbogbo. Ẹyẹ ń wá a, ejò míì ń wá a, àgbà indigo gan-an ń wá a. Ìrù tó ń gbọ̀n yẹn, ọrùn tó ń fẹ̀ lọ sókè sódò, ìgbẹ́ tó ń rùn, gbogbo ohun tó ní láti fi gba ara ẹ̀ nìyẹn, kò ní oró, kò sì ní agbára láti fún nǹkan pa. Kì í ṣe pé inú burúkú ló ní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi í sílẹ̀ tí wọ́n bá ti gùn díẹ̀ sí i, láàrin ọdún àkọ́kọ́, tí ìwà wọn á wá yí padà débi pé ejò kan náà tó ń fò sókè ní kékeré á máa fà wá sọ́dọ̀ rẹ tó o bá ti wọ yàrá.

Nítorí náà, ní ìwọ̀nba ìgbà tí ikùn ẹ̀ ò tíì balẹ̀ yìí, má gbé e rárá, àfi tó o bá fẹ́ wọ̀n ọ́n tàbí tún ilé ẹ̀ ṣe. Àmọ́ jẹ́ kó máa rí ẹ. Indigo kì í ṣe ejò alẹ́, ọ̀sán ló ń rìn, ojú ẹ̀ sì ríran dáadáa. Gbé àpótí ẹ̀ sí ibi tí kò gba ariwo jù, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó o máa ṣe iṣẹ́ tìẹ, yí omi ẹ̀ padà jẹ́jẹ́ láì fi ọwọ́ bọ́ sílẹ̀ láti òkè bíi ti ẹyẹ àṣá, láti ẹ̀gbẹ́ ni kó ti wá. Nígbà tó bá ti jẹun bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin márùn-ún láìbì, ìgbà yẹn lo lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í ṣe lọ́jọ́ tó jẹun tàbí ọjọ́ kejì ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ ju ti ìrù gbígbọ̀n lọ. Indigo tó ń bẹ̀rù kì í sábà buni jẹ, èyí tí ebi ń pa ló ń buni jẹ. Tó bá ti mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí oúnjẹ ló ń wọlé, á sáré wá mú ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ rí, ọwọ́ rẹ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ejò yìí lágbára, kì í sì í bu jẹ kó fi sílẹ̀, ńṣe ló máa ń rún un lọ láìfi sílẹ̀. Láti kékeré ni kó o ti kọ́ ọ: kó o tó gbé e, fi igi ejò, èyí tó ní ìwọ́ lẹ́nu, kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sí oúnjẹ. Tó o bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, má fọwọ́ kàn án, ẹ̀mú gígùn ni kó o fi nà án sí i. Wọ́n tètè máa ń mọ ìyàtọ̀, orí wọn pé.

Kó o sì fọ ọwọ́ rẹ ní gbogbo ìgbà, kó o tó gbé e torí òórùn eku, lẹ́yìn tó o bá gbé e torí kòkòrò Salmonella tó ń fa inú rírun.

* * *

"Ṣé eku nìkan náà ló máa jẹ títí ayé ẹ̀? Ẹni tó tà á fún mi ní eku tó."

Ó máa gbé e ró, òótọ́ ni, àwọn kan ti fi eku nìkan tọ́ ọ dàgbà. Àmọ́ èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Wo ohun tí ejò yìí ń jẹ nínú igbó: àkèré, ẹja, aláǹgbá, ẹyẹ, eku, ọmọ ìjàpá, àti ejò míì, títí kan rattlesnake tó lóró, oró yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹran tó ń jẹ oríṣiríṣi báyìí, tó o bá ń fi eku nìkan bọ́ ọ, ọ̀rá ló máa kó sára.

Èmi máa ń pa á pọ̀ ni. Eku ló pọ̀ jù, lẹ́yìn ẹ̀ ọmọ adìyẹ òòjọ́ tàbí ọmọ àparò (fún ọmọ ejò tó kéré báyìí, ẹsẹ̀ tàbí apá ẹ̀ tí mo gé ni), lẹ́yìn ẹ̀ ẹja lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Má fún un ní goldfish o. Ẹja yẹn ní èròjà kan tó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára, tó bá pẹ́ ejò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa yí orí. Tìlápíà tàbí trout ò ní ìṣòro yẹn. Ohun tó wá láti inú igbó, àkèré, ejò, aláǹgbá, mi ò ní fún un rárá, aràn inú wọn pọ̀. Àwọn kan ní tó o bá ti fi í sínú fíríìsà fún oṣù kan, aràn ti kú. Ọ̀pọ̀ aràn ń kú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan tó ń fa àìsàn ni yìnyín ń pa.

Òkú ni kó o fún un o, èyí tó ti yọ́ tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Indigo kì í fún ẹran pa, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é fún ẹ̀yin tí ò tíì rí i. Á mú ọmọ adìyẹ náà níbikíbi tí ẹnu ẹ̀ bá bà, níyẹ̀ẹ́ tàbí nítan, á wá fi ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àpótí, á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rìn lórí ẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí tó fi máa dé ibi orí, lẹ́yìn náà ló máa gbé e mì. Tó o bá fún un ní eku tó wà láàyè, nígbà tó ń rìn kiri lórí ẹ̀ báyẹn, eku á ti ge e jẹ lójú.

Ní ti iye ìgbà: oúnjẹ kékeré, lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹran yìí ń tètè da oúnjẹ, ó sì ń yàgbẹ́ ju ejò yòókù lọ, ìgbẹ́ ẹ̀ máa ń rọ̀, kó má dẹ́rù bà ẹ́. Eku tó fẹ̀ ju ibi tó fẹ̀ jù lára ẹ̀ lọ, má fún un, kódà kó o dín in kù sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì kékeré dáa ju ẹ̀ẹ̀kan ńlá lọ fún ọmọ indigo. Mo gbà pé eku yẹn tó bì, ó tóbi jù.

Tó bá kọ eku lẹ́yìn tí ara ẹ̀ ti yá, mú ọmọ eku tó ti yọ́, fi ara ẹja tútù ra á lára tàbí fi í sínú omi tó o fi fọ adìyẹ, gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ibi tó ń sá pamọ́ sí lówùúrọ̀, kó o jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń jẹ ẹ́ tí èèyàn ò bá sí nítòsí.

* * *

ÈSÌ (omi, ilé, àti imú)

Àwọn èèyàn ń jà lórí ooru títí wọ́n fi gbàgbé omi, bẹ́ẹ̀ omi gan-an ni ọmọ indigo máa ń kọ́kọ́ fẹ́. Gbé abọ́ omi tó wúwo tó sì fẹ̀ débi tó lè ká ara ẹ̀ sínú ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kó o máa pààrọ̀ ẹ̀, torí inú ẹ̀ ló máa yàgbẹ́ sí, tó o bá wò ó lówùúrọ̀ tó o rí i pé ó ti dàrú, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, má kàn da omi nù.

Ibi ìsápamọ́ méjì: ọ̀kan níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀kan níbi tó tutù. Èyí tó wà níbi tó tutù ni kó o fi mọ́ọ̀sì tútù sí, kí ó rin, kí ó má kán. Inú ibẹ̀ ló máa wọ̀ tí ojú ẹ̀ bá ti ń di funfun tó fẹ́ bọ́ awọ. Ìyókù ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ilẹ̀ tó bá tutù nígbà gbogbo á jẹ́ kí abẹ́ ikùn ẹ̀ lé róro. Fún èyí tí ara ẹ̀ ò yá bíi tìẹ yìí, pépà ni kó o tẹ́, kò sí nǹkan tó dà bíi pépà, torí ó máa jẹ́ kó o rí ìgbẹ́ ẹ̀ dáadáa, kó o rí bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun wà nínú ẹ̀, kó o sì rí èérún kékeré dúdú tó ń rìn, ìyẹn kòkòrò tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ejò. Tó bá ti ń jẹun dáadáa, o lè wá kó èèpo igi sí i.

Ike kékeré tó ṣeé tì pa dáa fún un báyìí ju àpótí ńlá lọ, gbangba ń bà á lẹ́rù. Àmọ́ kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ejò yìí lè ju mítà kan lọ láàrin ọdún àkọ́kọ́, òun ló gùn jù nínú gbogbo ejò tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà gan-an, ó lè dé mítà 2.6. Kó o tó sọ pé o fẹ́ràn ẹ̀, wo ibi tí àpótí tó gùn tó mítà méjì ó lé máa dúró sí nínú ilé rẹ, torí ejò tó ń rìn ni, kì í ṣe èyí tó ń jókòó sójú kan. Ó sì lè pé ogún ọdún lọ́dọ̀ rẹ, ó lè jù bẹ́ẹ̀.

Ìdérí oníwáyà, má lò ó. Mo ti rí ọmọ indigo tó fi imú ra á títí tí ìpẹ́ iwájú imú ẹ̀ fi ṣí, ibẹ̀ di pupa, lẹ́yìn ẹ̀ ó wú. Tó o bá rí i pé iwájú imú ẹ̀ ń di funfun, ilé yẹn gbóná jù, tàbí ó mọ́lẹ̀ jù, tàbí ó ti kéré jù. Wá ìdí ẹ̀, má kàn fi òróró pa á.

* * *

"Iná UVB, èyí tó ń tàn bí ìtànṣán oòrùn, ńkọ́? Àwọn kan ní láìsí i kò ní pẹ́ láyé."

Àwọn tó ti sin indigo fún ọ̀pọ̀ ọdún láìlo UVB pọ̀, ejò wọn sì ń yé ẹyin. Oúnjẹ tó jẹ́ ẹran odindi ti ní fítámì D nínú. Síbẹ̀, ejò ọ̀sán ni, ó ń yáàrùn, èmi gbà pé èyí tó rọra mọ́lẹ̀ díẹ̀ ò burú, tí ibi tó ti lè sá fún un bá wà. Kì í ṣe òun ló ń pa ọmọ indigo. Tó bá jẹ́ owó ẹ̀ lo ní báyìí, fi ra thermostat.

* * *

ÈSÌ (òfin)

Ẹni tó ń dẹ́rù bà ẹ́ ò parọ́ tán. Láti ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi indigo ìlà-oòrùn sábẹ́ òfin Endangered Species Act, tó ń dáàbò bo ẹran tó fẹ́ parun. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lọ mú un nínú igbó. Èyí tí wọ́n bí nínú ilé, tí wọ́n bá fẹ́ tà á láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíì, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ U.S. Fish and Wildlife Service, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹranko igbó, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin ìpínlẹ̀ tìẹ tún wà lọ́tọ̀, Georgia àti Florida tó jẹ́ ilé ẹ̀ gan-an náà ní tiwọn. Pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹranko igbó ní ìpínlẹ̀ rẹ, kó o bi wọ́n. Tí ẹni tó tà á fún ẹ ò bá fún ẹ ní ìwé, béèrè lónìí. Indigo Texas, oríṣi indigo míì, ò sí lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn.

Mo rí i tí àwọn kan ń bínú pé ìwé ti pọ̀ jù. Èmi ò bínú sí i. Kí òfin tó dé, àwọn èèyàn ń kó wọn nínú igbó tà, torí wọ́n lẹ́wà, dúdú tó ń dán tí oòrùn bá sì kàn án á máa tàn bí aró, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ pupa. Àwọn tó ń wá rattlesnake náà ń da epo pẹtiróòlù sínú ihò ìjàpá, indigo tó wà níbẹ̀ náà á kú. Wọ́n gé igbó páìnì longleaf, wọ́n la títì gba inú ẹ̀. Ní Alabama, kò sí i mọ́ nínú igbó rárá, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sí Conecuh National Forest ní ọdún 2010, ní ọdún 2017 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní àríwá Florida, ní Apalachicola Bluffs. Àwọn tí wọ́n ń dá padà yẹn, inú ilé ni wọ́n ti tọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tóbi tó láti gba ara wọn. Ní 2020 ni wọ́n rí ọmọ tí wọ́n bí nínú igbó Conecuh. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ ọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, mọ̀lẹ́bí wọn ni, jẹ́ kí ìwé ẹ̀ pé.

* * *

ÌBÉÈRÈ (ẹni àkọ́kọ́ tún padà dé)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pa gílóòbù yẹn láti ọjọ́ yẹn, ibi tó gbóná wà ní 28, mo fi mọ́ọ̀sì sí i. Ó ti pé ọjọ́ méjìlá báyìí láti ìgbà tó bì. Ó ń mu omi, ó tún ti ń yọ orí jáde láàárọ̀, kì í gbọn ìrù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ tí mo bá ń pààrọ̀ omi. Àmọ́ ọjọ́ kìíní mo rí i tó yàgbẹ́, ó ní funfun nínú, ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan náà ní ọmọ indigo, ó ní ká kó wọn pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn ṣeré, pé bóyá tèmi á rí tiẹ̀ kó wá máa jẹun. Mo ti bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀, ó ní kí n kó ìgbẹ́ wá.

* * *

ÈSÌ

Má kó wọn pọ̀ láé. Ejò ni ejò yìí ń jẹ. Kò sí eré kankan láàrin wọn, èyí tó bá tóbi díẹ̀ máa gbé èkejì mì. Má tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ gbé tiẹ̀ wọ yàrá kan náà títí èsì ìgbẹ́ yẹn fi máa jáde, má yá a ní ẹ̀mú rẹ, má gba tiẹ̀. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní crypto, ó ń mú kí ejò máa bì léraléra, kí agbedeméjì ikùn ẹ̀ wú, kò sì sí oògùn tó ń wò ó sàn tán pátápátá. Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe tìẹ, ẹ̀ẹ̀kan tó bì pẹ̀lú ooru yẹn ò tó láti fura bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bi dókítà bóyá ó máa yẹ ìyẹn wò pẹ̀lú, torí kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ìgbẹ́ ló ń rí i.

Funfun yẹn, tó bá le bíi ẹfun, ìtọ̀ ẹ̀ ni, bí ejò ṣe ń tọ̀ nìyẹn, ó dáa kó o rí i. Tó bá jẹ́ yẹ́lò tó le bí òkúta, omi ò tó o lára. Kó ìgbẹ́ náà sínú nǹkan tó ní ìdérí, kó tutù, kó má pé ọjọ́ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Tó bá di ọ̀túnla, tí kò bá ti sí nǹkan míì, fún un ní ọmọ eku kan tí kò hu irun, kékeré jù lọ tó o lè rí. Òwúrọ̀ ni, nígbà tó bá ti ń yọ orí. Ná a sí i pẹ̀lú ẹ̀mú ní ẹ̀gbẹ́, tó bá yí orí kúrò, gbé e sílẹ̀ kó o jáde fún wákàtí kan. Tí kò bá jẹ ẹ́, yọ ọ́ kúrò, má fi sílẹ̀ kó rà, tún gbìyànjú ní ọjọ́ mẹ́rin sí i pẹ̀lú èyí tó o fi ẹja ra lára. Tó bá jẹ ẹ́, má wò ó, má ṣí i, má gbé e, títí ọjọ́ mẹ́ta. Wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti yàgbẹ́. Tó bá tún bì ní 28 yẹn, pẹ̀lú ọmọ eku tó kéré báyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, gbé òun àti ohun tó bì lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.